Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Òsì

Bí ẹ bá dé ojúlé kan tí bàbá arúgbó kan ti ń gbẹ́ àmì sórí pákó fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti àwọn tó ń ṣe ìṣáná, tí ẹ rí i tó ń gbẹ́ òdòdó, tó ń gbẹ́ ìràwọ̀, tó ń gbẹ́ ẹyẹ tó na ìyẹ́, àmọ́ tí kò jẹ́ gbẹ́ ojú ènìyàn bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó, Gègé nìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa ní kò mọ̀ ọ́n yà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bínú. Ọkùnrin yìí ti ya ojú kan rí tí odidi ìlú fi rẹ́rìn-ín títí tí ìhà fi ń dùn wọ́n. Ẹ̀rín yẹn náà ló sì gbé e dé ibi tó wà yìí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ayé òyìnbó ni. Wọ́n ní àwọn kàn wá kí ilẹ̀ náà ni, wọ́n ní ọ̀rẹ́ làwọn. Àlejò jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí onílé sún díẹ̀. Onílé sún títí, ó bá ara rẹ̀ níta. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ajẹ́lẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ pọ́n, irunmú rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì ìnubàtà, àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta sì máa ń wà ní àyà òsì kóòtù rẹ̀ nígbàkigbà tó bá jáde síta. Lọ́dọọdún ló ń fa ìlà tuntun sórí àwòrán ilẹ̀ náà. Ibi tí ìlà bá ti gbà kọjá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á di ẹrù wọn, wọ́n á wá ibòmíì lọ.

Ìwé ìròyìn kan wà nígbà náà tí kì í fojú rere wo ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàtà á máa já bọ́ láti ara ògiri oníbàtà, òun náà á sì máa ṣépè fún ìran ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Olóòtú ìwé náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wúkọ́, mọ ọ̀rọ̀ kọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kí wọ́n kà á kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn mú níbẹ̀ a máa sùn lọ lójú ewé kejì. Àwòrán Gègé ni kò gùn. Ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló tó.

Ó ya Ajẹ́lẹ̀ bíi télọ̀ tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ náà, tó ń sọ fún àwọn onílẹ̀ pé yóò fún wọn lọ́rùn díẹ̀, kò níí pẹ́ mọ́ wọn lára. Ó yà á tó fi bàtà kan tẹ odò, tó fi ìkejì tẹ òkè, tó ní kí àwọn tó wà lábẹ́ òun wá dúpẹ́ ibòòji. Àwọn tí kò mọ ìwé kà ń ra ìwé ìròyìn, wọ́n á ní kí wọ́n fi ibi tí ọkùnrin onírunmú wà han àwọn. Kò sí orúkọ kankan lábẹ́ àwòrán náà, àyàfi àwòrán gègé ìkọ̀wé kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ lorúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń gbẹ́ àmì ọṣẹ, ó sì parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Orí pákó ni wọ́n ti ń gbẹ́ àwòrán, wọ́n á wá fi tàdáwà kùn ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ohun tó bá wà ní ọ̀tún pákó, òsì ló máa bọ́ sí lórí ìwé. Nítorí náà, òdì ni wọ́n ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Agbẹ́wòrán tó bá gbàgbé, gbogbo ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ á di ọlọ́wọ́ òsì. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, wọn a sì fi í ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yípo. Gègé ní dígí kékeré kan tó fi kọ́ sára ìṣó lókè ìjókòó rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń wo iṣẹ́ kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kò gbàgbé rí. Ó máa ń fi yangàn, kí n má parọ́. Ọ̀gá rẹ̀ náà ló sọ fún un pé: "Fi òótọ́ kan ṣoṣo sínú àwòrán, kó o wá pa irọ́ yòókù bó ṣe wù ẹ́. Òótọ́ yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Kò sọ fún un pé òótọ́ yẹn lè pa ènìyàn gan-an.

Gègé ní ẹ̀gbọ́n kan. Bàbá wọn kú nígbà tí Gègé ṣì ń fà mọ́ ìdí aṣọ ìyá rẹ̀, ìyá náà ò sì pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ru pákó létí odò kí àbúrò rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún bó títí ó fi yi bíi gìgísẹ̀. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń bu tàdáwà sínú ìgò, òun ló sì ń dúró sẹ́yìn àga Ajẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní kakí. Ó máa ń lọ kakí náà títí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ènìyàn lọ́wọ́.

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ilé Ẹ̀gbọ́n ni Gègé ti ń jẹun. Yàrá méjì ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, àga gígùn kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bí wọ́n bá jẹun tán, Ẹ̀gbọ́n á dìde, á gbé àyà síwájú, á máa rìn bíi Ajẹ́lẹ̀, á máa húkọ́ bíi Ajẹ́lẹ̀. Ẹ má bá mi bú u. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́fà dúró láìlanu, níbo ni kó da ọ̀rọ̀ sí? Bó bá ṣe é tán, yóò nàka sí àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ á le.

"Ohun tí mo bá sọ nínú ilé yìí, inú ilé yìí ni kó kú sí. Ọjọ́ tí mo bá rí i nínú ìwé ìròyìn yín, ìwọ lo pa mí."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Má gbọ́ ọ létí lásán. Gbọ́ ọ síkùn."

Ohun kan tún wà tí Ẹ̀gbọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kó ya òun nínú kakí òun, kí òun gbé e kọ́ sára ògiri. Gègé á rẹ́rìn-ín, á ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí mò ń bú nìkan ni mò ń yà. Ṣé kí n bú yín ni?"

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n á dá sí i láti ẹ̀yìn ilé: "Ọkọ mi kékeré, bá mi yà á. Àmọ́ kó o wá ìwé tó fẹ̀, torí imú yín yẹn, ìwé kékeré ò lè gbà á." Imú kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní, ó fẹ̀, ó sì yọ gọ́ńgọ́ díẹ̀ láàárín. Bí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀ mọ́ ogún ènìyàn, ọmọdé á mú wọn jáde. Gègé á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, á tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní ọlọ́wọ́ òsì ni Ajẹ́lẹ̀. Wọ́n nà án nígbà èwe rẹ̀ nílùú wọn kó lè fi í sílẹ̀, ojú sì ń tì í di àkókò yẹn. Bó bá wà láàárín èrò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mú gègé, kò sì ní kọ ju orúkọ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, tí ìwé ńlá dé, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, á sún gègé sí ọwọ́ òsì, ìkọ̀wé á wá máa já gaara. Ènìyàn mẹ́ta péré ló ń wọ yàrá yẹn: òyìnbó kékeré tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, Ògbufọ̀, àti Ẹ̀gbọ́n.

"Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà yìí," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á." Lẹ́yìn náà ló wo ojú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ. Má dán an wò o."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ nínú ìtàn tèmi yìí, ẹnu kọ́ ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ni.

Ní oṣù kan náà, ìlà Ajẹ́lẹ̀ gba àfonífojì tó wà lódìkejì odò kọjá. Wọ́n lé odidi abúlé mẹ́rin. Gègé rí wọn lójú títì, àwọn ìyá tó gbé ilẹ̀kùn ilé wọn rù nítorí òun nìkan ni wọ́n rí tú. Inú bí i, kò lè jẹun. Olóòtú ní kó ya àwòrán tí ọ̀ràn náà tọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi yà á tó ń fà á ya. Gbogbo ohun tó bá yà kú sórí ìwé, kò ní òótọ́ kan ṣoṣo yẹn nínú. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n sì ń yún un lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ta ni yóò mọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ béèrè, yóò ní òun gbàgbé láti gbẹ́ ẹ sódì ni. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ló mọ̀ pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ó ti gbé àwáwí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dẹ́ṣẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí n kì í bínú sí.

Ó ya Ajẹ́lẹ̀ nídìí tábìlì gígùn. Ilẹ̀ náà wà níwájú rẹ̀ bíi búrẹ́dì ńlá, odò ń ṣàn lórí èèpo rẹ̀, ilé kéékèèké tò sí i. Àwọn onílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo òfìfo lọ́wọ́ wọn. Ajẹ́lẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń búra pé ọ̀rẹ́ wọn lòun. Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú, ó sì ti gé e dé ìdajì.

Ìlú dàrú fún ẹ̀rín. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, èyí fi ọwọ́ òsì gé ilé baba oníbaba jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ òsì kí ara wọn lójú títì níṣojú ọlọ́pàá. Oníbàtà, tó ti ń bá wọn jà láti ọdún mẹ́fà, gbé bàtà kan fún Olóòtú lọ́fẹ̀ẹ́. Gègé ń rìn láàárín wọn bíi ẹni tí kò mọ nǹkan kan, àmọ́ orí rẹ̀ wú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí Ẹ̀gbọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló wá bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀, kò sì wọ bàtà. "Ọkọ mi kékeré, wọ́n ti mú un. Òun àti Ògbufọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ló sọ̀rọ̀ síta. Kí ni wọ́n sọ?"

Gègé dìde. Ó yọ dígí lára ìṣó, ó gbé pákó àwòrán náà sábẹ́ apá, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀. Mo máa ń rántí èyí fún un nígbàkigbà tí inú rẹ̀ bá ń bí mi. Ẹlòmíì ìbá sá.

Wọ́n mú un wọlé. Ajẹ́lẹ̀ jókòó, ìwé ìròyìn wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti Ògbufọ̀ dúró sára ògiri, ọlọ́pàá méjì dúró tì wọ́n. Ògbufọ̀ yẹn náà ni wọ́n ní kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Gègé gbé pákó sórí tábìlì, ó fi dígí hàn wọ́n bí ọ̀tún ṣe ń di òsì. Ó ní òun lòun gbẹ́ ẹ. Ó ní àṣìṣe ni, ó ní òun gbàgbé láti yí i sódì, ó ní òun kò mọṣẹ́ tó. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun kò mọṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣòro fún un láti sọ tó o láyé rẹ̀, àmọ́ ìbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀ẹ́gbẹ̀rún bó bá lè gba Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, Gègé rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló tún wo ìwé ìròyìn, ó sì fi ìka kan àyà ọkùnrin inú àwòrán. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní kí o wo àwọn àmì ẹ̀yẹ òun. Ó ní àyà òsì ni òun ń fi wọ́n sí, àyà òsì náà ni wọ́n sì wà nínú ìwé ìròyìn yìí. Ó ní bó bá jẹ́ pé gbogbo àwòrán ló yí sódì, ọ̀tún ló yẹ kí àwọn yẹn wà."

Mẹ́ta ni wọ́n. Gègé ti fi odidi ọjọ́ kan àti ọ̀bẹ tó tín-ín-rín jù gbẹ́ wọn, oníràwọ̀, oníkìnnìún, olórí ọba. Ó ti fi ọ̀bẹ sọ́wọ́ òsì, ó ti ní àwáwí tirẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbàgbé láti gbẹ́ àwọn àmì ẹ̀yẹ sódì bó ṣe yẹ. Ó wo àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta náà.

Ajẹ́lẹ̀ bi í pé ta ló sọ fún un. Ajẹ́lẹ̀ ní bí kò bá sọ, àwọn méjèèjì ni yóò lọ sẹ́wọ̀n. Ògbufọ̀ túmọ̀ èyí náà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìlà kakí rẹ̀ ṣì mú.

"Èmi ni. Mo sọ ọ́ lójú títì, n ò mọ ẹni tó gbọ́. Ògbufọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Wọ́n bi í bóyá ó mọ ọkùnrin tó mú pákó wá yìí. Ẹ̀gbọ́n yíjú, ó wo Gègé. Ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ń kọjá lọ.

"N ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí.

Gègé la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mirí díẹ̀, díẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó ti ń wò ó láti kékeré nìkan ló lè rí i. Gègé pa ẹnu dé. Ajẹ́lẹ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ọdún mẹ́rin sì ni Ẹ̀gbọ́n ti fi dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Imú kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì, ó gbà pé wọn ò mọra. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn rí.

Kò sí ẹjọ́ ní kóòtù, torí ní kóòtù wọn ìbá sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì jáde sí gbangba. Wọ́n tú Ògbufọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, wọ́n lé Olóòtú kúrò nílùú, Gègé ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní òun ló jẹ́ ará ilé tó tú àṣírí, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà tuntun, ìrìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ní òjò ọdún kejì, wọ́n fi kakí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú ìwé tí wọ́n fi okùn dì. Wọ́n ní ibà ni. Kò sí ẹni tó fi sàréè rẹ̀ han ìyàwó rẹ̀ títí di òní.

Ọmọbìnrin ni ọmọ tó wà nínú oyún yẹn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé báwo ni ojú bàbá òun ṣe rí. Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ Gègé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Kò bú u láti ọjọ́ náà, kò sì bú u lọ́jọ́ yìí.

"Ọkọ mi kékeré, bá wa yà á. Kí ọmọ yìí lè rí nǹkan wò."

Gègé mú ìwé. Ó ya èjìká, ọ̀tún ga ju òsì lọ díẹ̀. Ó ya kakí, ó fa ìlà ṣòkòtò rẹ̀. Ó ya ọwọ́ tó di ìgò tàdáwà mú. Nígbà tó dé ojú, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbìyànjú, irunmú ló jáde. Ó fà á ya, ó mú ìwé mìíì, ọrùn pípọ́n ló jáde. Ojú Ajẹ́lẹ̀, ó lè yà á bí wọ́n bá tiẹ̀ dì í lójú, torí ọdún mẹ́fà ló fi ń yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ẹni tó ru pákó kó lè rí ọ̀bẹ dì mú, kò yà á rí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́sàn-án ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wo ìwé tó kẹ́yìn. "Òun kọ́ nìyí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń retí. Gègé gbé gègé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbà ń kúnlẹ̀ fọ́mọdé, kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Wo imú mi," ló wí. "Imú bàbá rẹ nìyí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Èyí tó kù, mi ò rántí mọ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ imú náà láti òkè wá sílẹ̀.